Ọ̀nà Tí Iná Jẹ́nẹ́rétọ̀ Ń Gbà Wọlé

Ẹ̀yin tí iná ti lọ ládùúgbò yín, tó jẹ́ pé rédíò alábátìrì lẹ fi ń gbọ́ wa, ẹ̀yin gan-an la kọjú ọ̀rọ̀ sí lálẹ́ yìí.

Ọ̀rọ̀ jẹ́nẹ́rétọ̀ ni mo fẹ́ sọ. Mo mọ̀ pé epo bẹntiróòlù ti wọ́n, mo sì mọ̀ pé ariwo ẹ̀rọ náà ń dí yín létí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní fún yín: ọ̀nà wo ni iná jẹ́nẹ́rétọ̀ ń gbà wọ ilé yín?

Lọ́dún 1972 ni wọ́n dá NEPA, iléeṣẹ́ iná mànàmáná ìjọba Nàìjíríà, sílẹ̀. Nígbà tó di 2005, ó di PHCN. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2013, ìjọba fa iṣẹ́ pínpín iná lé àwọn iléeṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Orúkọ ń yí padà, ọ̀gá ń yí padà, jẹ́nẹ́rétọ̀ kò kúrò lẹ́yìnkùlé wa. Ohun tó ti bá wa gbé pẹ́ tó báyìí, ó yẹ ká ti la ọ̀nà tó dára fún un. Ọ̀pọ̀ ilé ni kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀. A ó kó owó ńlá lé ẹ̀rọ, tó bá wá ku bí iná rẹ̀ ṣe máa wọlé, a ó ní kí wọ́n ṣáà bá wa wá nǹkan lẹ̀ ẹ́. Níbi tí a ti ń lẹ̀ ẹ́ yẹn ni ikú ti ń bá iná wọlé.

Ọ̀nà méjì ni àwọn èèyàn wa sábà máa ń gbà. Àkọ́kọ́ ni kí wọ́n fa wáyà gba ojú fèrèsé tàbí abẹ́ ilẹ̀kùn. Wáyà náà kì í sábà gùn, nítorí náà ẹ̀rọ ní láti wà nítòsí: lórí báńkónì, lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, lábẹ́ fèrèsé yàrá. Fèrèsé tí wáyà gbà kọjá kò sì ní lè padé dáadáa mọ́. Àlàfo tí wáyà gbà wọlé, òun náà ni èéfín máa gbà.

Ọ̀nà kejì tún burú ju ìyẹn lọ. Wọ́n á gé wáyà, wọ́n á de orí púlọ́ọ̀gì mọ́ ìdí rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n á ki orí kan bọ ara jẹ́nẹ́rétọ̀, wọ́n á ki èkejì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri ní pálọ̀, iná á sì tàn káàkiri ilé. Ó yá, kò gba owó, ó sì ń ṣiṣẹ́. Nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́ ni ó fi ṣòro fún ẹni tó ń lò ó láti gbà pé ohun tó ń pani ló wà lọ́wọ́ òun.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹ wo sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé yín: ihò ló ní. Iná wà nínú ihò yẹn, níbi tí ìka kò lè dé. Ẹ wá wo orí púlọ́ọ̀gì: irin tó yọ síta ló ní, irin yẹn kò sì ní iná lára àfi ìgbà tó bá ti wọnú ihò. Ìlànà tó ń dáàbò bo gbogbo wa nìyí: ibi tí iná ti ń bọ̀ ni kó ní ihò, ibi tí iná ń lọ ni kó ní irin. Wáyà olórí méjì ti da ìlànà yìí rú. Bí orí kan bá ti wà lára jẹ́nẹ́rétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́, irin tó yọ síta ní orí kejì ti gbé iná fólítì 230. Bí ẹnì kan bá fi ẹsẹ̀ kọ wáyà náà, tí orí kejì sì já bọ́ kúrò lára ògiri, irin tó ní iná ló wà nílẹ̀ pálọ̀ yẹn, níbi tí ọmọ ti ń rákò.

Ewu kejì wà lórí òpó iná níta. Bí ẹnì kan bá gbàgbé láti pa iná ìlú ní mítà kó tó ki wáyà náà bọ ògiri, iná jẹ́nẹ́rétọ̀ kò ní dúró sínú ilé. Á gba ẹ̀yìn padà sórí wáyà àdúgbò. Òṣìṣẹ́ tó gun òpó láti wá tún iná ṣe gbà pé wáyà náà ti kú, nítorí pé wọ́n ti pa iná ní orísun rẹ̀. Fólítì 230 tó ti inú ilé yín wá ti tó láti mú un já bọ́ látorí àkàbà. Tí iná náà bá sì dé ìdí tiransifọ́mà, ọ̀rọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Tiransifọ́mà àdúgbò máa ń sọ fólítì 11,000 di kékeré kó tó pín in fún wa. Bí iná bá gba ẹ̀yìn wọ̀ ọ́, á sọ kékeré di ńlá, á sì tú u sórí wáyà òkè. Ẹni tó wà lórí òpó yẹn ní ìyàwó, ó ní ọmọ, nítorí tiwa ló sì ṣe gòkè.

Ewu kẹta: iná ìlú lè dé lójijì. Gbogbo àdúgbò á pariwo “Up NEPA!”, àmọ́ nínú ilé tí wáyà olórí méjì wà, iná méjì ti pàdé. Ibẹ̀ ni jẹ́nẹ́rétọ̀ ti máa ń jóná, tí wáyà ń yọ́, tí ilé sì lè gbaná. Ewu kẹrin kò ní ariwo rárá. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé, ámpù 13 ni wọ́n ṣe é fún. Jẹ́nẹ́rétọ̀ tó ń gbé wátì 5,000 lè ti ámpù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 22 gba inú rẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì náà á máa gbóná díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn àga, títí ike rẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ọ̀rọ̀ èéfín, nítorí òun ló ń kó odidi ìdílé lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Èéfín tó dúdú tó ń ta imú, ẹ lè rí i kí ẹ sá fún un. Afẹ́fẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní carbon monoxide: kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ojú. Bí a bá fà á símú, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń wọ̀. Ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tó ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara. Carbon monoxide máa ń lẹ̀ mọ́ ọn ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Díẹ̀díẹ̀, á gba àyè ọ́síjìn, ọkàn àti ọpọlọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pòùngbẹ. Orí á kọ́kọ́ fọ́ èèyàn, òòyì á kọ́ ọ, èébì á gbé e, ara rẹ̀ á rọ. Ẹni tó wà lójúfò lè fura kó sá síta. Ẹni tó ti sùn kò ní mọ̀ rárá.

Ìdí nìyí tí a fi ń gbọ́ pé bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ wọlé sùn, ilẹ̀ mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì ṣílẹ̀kùn. Àwọn aládùúgbò á máa sọ pé ayé ló ṣe wọ́n. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká fi ayé sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èéfín ló pa wọ́n, jẹ́nẹ́rétọ̀ tó sún mọ́ ilé jù ló sì fa èéfín.

Báwo ló ṣe yẹ kó jìnnà tó? CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, sọ pé ó kéré tán, kó jìnnà ní ẹsẹ̀ bàtà 20 sí ilẹ̀kùn, fèrèsé àti ihò atẹ́gùn, ìyẹn bíi mítà 6. Ẹ sì jẹ́ kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọjú síbi tí èèyàn kò sí. Ẹ ka fèrèsé aládùúgbò mọ́ ọn, nítorí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tí àwọn náà ń mí ń gbà wọlé. Báńkónì kò bá ìwọ̀n yìí mu. Gáréèjì kò bá a mu, kódà bí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá ṣí gbayawu. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé alájọgbé kò bá a mu.

Nísinsìnyí, ẹ lè bi mí pé: bí ẹ̀rọ bá jìnnà tó bẹ́ẹ̀, báwo ni iná rẹ̀ ṣe máa wọlé láìṣí fèrèsé sílẹ̀? Ohun èlò kan wà tí wọ́n ṣe fún èyí gan-an. Íńlẹ́ẹ̀tì ni orúkọ rẹ̀. Àpótí kékeré ni, a máa ń kàn án mọ́ ara ògiri níta. Ó ní ọmọrí tó ń padé fúnra rẹ̀ nítorí òjò. Bí ẹ bá ṣí ọmọrí yẹn, irin mẹ́ta lẹ máa bá nínú rẹ̀. Irin yẹn kò ní iná, nítorí pé ó ń dúró de iná ni. Wáyà tó ti ara jẹ́nẹ́rétọ̀ wá ló ní orí oníhò, a ó sì ki orí yẹn mọ́ irin inú àpótí. Ìlànà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti padà sí ipò rẹ̀: ibi tí iná ti ń bọ̀ ní ihò, ibi tí iná ń lọ ní irin. Bí wáyà náà bá já bọ́, ọwọ́ ọmọ kò ní bá irin tó ní iná.

Bí ẹ bá dé ọjà Alaba l'Ékòó, tàbí ibikíbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò iná, industrial plug ni ọ̀pọ̀ máa ń pe irú rẹ̀. Èyí tó jẹ́ aláwọ̀ búlúù, onírin mẹ́ta, ni ti ilé tó ń lo fésì kan. Èyí tó pupa, onírin márùn-ún, ti fésì mẹ́ta ni. Ẹ ṣọ́ra o: èyí tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri wà ní oríṣi méjì, oníhò àti onírin. Onírin lẹ fẹ́. Ẹ wo ara rẹ̀ bóyá wọ́n kọ IP44 tàbí IP67 sí i. IP44 lè fara da omi tó ń ta sí i. IP67 lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì dára fún ibi tí òjò ti ń lu ògiri tààrà.

Èwo ló máa gbé iná yín? Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ wo iye wátì tí jẹ́nẹ́rétọ̀ yín lè máa gbé láìdúró, ẹ pín in sí 230, iye ámpù ni ìdáhùn. Wátì 2,000 kò pé ámpù 9: íńlẹ́ẹ̀tì ámpù 16 àti wáyà 2.5 mm² tó fún un. Wátì 5,000 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ámpù 22: íńlẹ́ẹ̀tì ámpù 32 ló tọ́ sí i, ẹ sì jẹ́ kí wáyà rẹ̀ jẹ́ 6 mm². Bí wáyà bá ṣe gùn sí ni kó ṣe nípọn sí, nítorí pé fólítì máa ń dínkù lójú ọ̀nà. Wáyà tó wà láàárín jẹ́nẹ́rétọ̀ àti ògiri gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó rọ̀, tí awọ rẹ̀ nípọn, tó lè fara da oòrùn àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Ẹ má so wáyà pọ̀ láàárín, kí ẹ wá fi téèpù wé e. Ọ̀kan ṣoṣo, gbọọrọ, tí kò ní oríkèé.

Ṣùgbọ́n íńlẹ́ẹ̀tì nìkan kò tó o. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe. Iná tó bá gba íńlẹ́ẹ̀tì wọlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọjá lára bírékà tó bá ìwọ̀n wáyà mu, lẹ́yìn náà kó dé ìdí ṣénjóófà. Ṣénjóófà tó dára ní ojú mẹ́ta: 1, òdo, àti 2. Ojú 1 jẹ́ ti iná ìlú, ojú 2 jẹ́ ti jẹ́nẹ́rétọ̀, òdo sì wà láàárín wọn, níbi tí iná kankan kò ti sí. Kò sí bí ọwọ́ ṣe lè ti 1 dé 2 láìkọjá lórí òdo. Irin inú rẹ̀ ló ṣe ìpínyà yẹn, kò fi í sílẹ̀ fún ìrántí ẹnikẹ́ni. Ẹ lè sùn gbàgbé, àlejò lè wá tan iná láìbéèrè, iná ìlú lè dé lóru: iná méjèèjì kò ní pàdé, ẹni tó wà lórí òpó kò sì ní kú nítorí ilé yín. Ẹ rí i pé ó ń já wáyà láìfù àti níútírà pa pọ̀. Fún fésì mẹ́ta, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kó máa já.

Tó bá di kíkàn án mọ́ ògiri, ẹ yan ibi tó ga tó ìbàdí àgbàlagbà, níbi tí àgbàrá kò lè dé, tó jìnnà sí sílíńdà gáàsì, tó sì sún mọ́ ibi tí ṣénjóófà wà nínú ilé. Kí ẹni tó ń lu ògiri jẹ́ kí ihò náà rọra dagẹ̀rẹ̀ sísàlẹ̀ síta, kí omi tó bá wọ̀ ọ́ lè ṣàn jáde dípò kó ṣàn wọ inú ṣénjóófà. Kí wáyà gba inú páìpù, kí wọ́n sì dí gbogbo àlàfo etí rẹ̀ pátápátá. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ihò tí a kò dí, eku á gbà á wọlé láti wá jẹ wáyà, èéfín tí a tìtorí rẹ̀ gbé ẹ̀rọ jìnnà náà á sì tún gbà á padà wá bá wa.

Ẹ má fojú di wáyà ilẹ̀, èyí aláwọ̀ ewé tàbí aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ iná máa ń fi í sílẹ̀ nítorí pé iná ń tàn láìsí i. Ọjọ́ tí wáyà bá bó nínú fìríìjì, tí iná sì kan ara irin rẹ̀, wáyà ilẹ̀ yìí ló máa gbé iná náà lọ kí bírékà lè já. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ri irin ilẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Bí agbára bá ká a, ẹ fi bírékà tó ń já ní mílíámpù 30 kún un. Òun ló ń ṣọ́ ẹ̀mí èèyàn, èyí tó kù ń ṣọ́ wáyà. Kí oníṣẹ́ iná kọ́kọ́ yẹ níútírà jẹ́nẹ́rétọ̀ yín wò, bóyá ó so mọ́ ara ẹ̀rọ tàbí kò so, nítorí bírékà yìí lè má ṣiṣẹ́ bí a kò bá mọ èyí.

Mo ń dárúkọ oníṣẹ́ iná lemọ́lemọ́, mo sì mọ̀ ọ́n mọ̀ ni. Ẹnikẹ́ni lè lu ihò sára ògiri, àmọ́ kí onílé má ṣe fọwọ́ ara rẹ̀ tú bọ́ọ̀dù iná. NEMSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ààbò iná mànàmáná, máa ń fún àwọn oníṣẹ́ iná tó yege ní ìwé ẹ̀rí. Ẹ béèrè ìwé yẹn. Ẹni tó bá ní in kò ní bínú.

Lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí, ẹ kọ́ gbogbo ará ilé bí wọ́n ṣe ń tan án. Ẹ dá ṣénjóófà sí òdo. Ẹ so wáyà mọ́ íńlẹ́ẹ̀tì àti jẹ́nẹ́rétọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ṣì wà ní pípa. Ẹ tan án, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kára rẹ̀ balẹ̀, kí ẹ tó ti ṣénjóófà sí 2. Ẹ wá máa tan nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí fìríìjì àti ẹ̀rọ tó ń fa omi má ṣe bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ẹ̀rọ onímọ́tò máa ń gba iná púpọ̀ nígbà tó bá ń dìde. Bí ẹ bá fẹ́ pa á, ẹ pa àwọn nǹkan ńlá, ẹ dá ṣénjóófà sí òdo, kí ẹ tó pa ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó bu epo sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé alájọgbé, tí ẹ̀rọ yín kò ju èyí tó ń tan gílóòbù àti fáànù lọ, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Bí ẹ kò bá lè kan íńlẹ́ẹ̀tì mọ́ ilé onílé, ẹ ra wáyà kan tó gùn, tó nípọn, kí ẹ̀rọ lè jìnnà. Ẹ pa á kí ẹ tó sùn, ẹ fi iná alábátìrì sùn. Ẹ bá ara yín ṣàdéhùn ibi kan nínú ọgbà tí gbogbo ẹ̀rọ á máa wà. Ẹ̀yin onílé, bí ẹ bá ń gba owó ilé lọ́wọ́ ìdílé mẹ́jọ, ẹ kan íńlẹ́ẹ̀tì fún wọn. Ojúṣe yín ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń yí sí iná oòrùn láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, íńlẹ́ẹ̀tì yìí ṣì wúlò fún yín lásìkò òjò, nígbà tí bátìrì bá nílò ìrànlọ́wọ́ jẹ́nẹ́rétọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas l'Amẹ́ríkà, ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2021, òtútù líle mú kí iná lọ ní ilé tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin ní Texas, carbon monoxide sì pa èèyàn níbẹ̀. Nígbà tí ìjì Beryl jà ní oṣù keje ọdún 2024, iná tún lọ. Iná tiwọn lọ́hùn-ún jẹ́ fólítì 120 àti 240, íńlẹ́ẹ̀tì wọn sì sábà máa ń jẹ́ onírin mẹ́rin, ámpù 30. Kí wọ́n wá ẹni tó ní ìwé àṣẹ ibẹ̀, kí wọ́n má gbé wáyà olórí méjì ti ilé wá síbẹ̀.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni mo fún yín ní òwúrọ̀ ọ̀la. Ẹ fẹsẹ̀ wọn ìwọ̀n tó wà láàárín jẹ́nẹ́rétọ̀ yín àti fèrèsé tó sún mọ́ ọn jù. Bí wáyà olórí méjì bá wà nílé yín, ẹ gé orí kan kúrò lára rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà tún rí i lò. Lẹ́yìn náà, ẹ pe oníṣẹ́ iná tó ní ìwé ẹ̀rí, ẹ ní kó wá sọ iye tí íńlẹ́ẹ̀tì, bírékà àti ṣénjóófà máa jẹ́ fún ilé yín. Bí owó kò bá tíì sí, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jọ, àmọ́ kí ẹ̀rọ jìnnà sí fèrèsé láti ọ̀la lọ.

Ẹ sọ fún aládùúgbò tí kò gbọ́.